Ẹni Tí A Kò Kọ Sínú Ìwé

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2003, ọlọ́kadà kan gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé ẹnu ọ̀nà yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Àbúrò rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀kadà náà, ó sì fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra kí ó má baà ṣubú. Ìbọn ló bà á ní itan. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ṣòkòtò rẹ̀ gbingbin títí dé ọrùn ẹsẹ̀, sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló sì kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. N kò mú òwú, n kò mú báńdéèjì, n kò fọwọ́ kan itan náà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bi àbúrò rẹ̀ pé, "Ìwé ọlọ́pàá dà?"

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń ṣe nígbà náà ni mo ṣe. Òfin tó wà nílẹ̀ láti ọdún 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn kò fi ìgbà kankan sọ pé kí a má tọ́jú ẹni tí ọta ìbọn bà. Ó kàn ní kí a fi tó ọlọ́pàá létí kíá ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú àwọn oníṣègùn kan rí pé wọ́n ń tọ́jú olè, ìbẹ̀rù yìí ló sì sọ "ẹ fi tó wa létí" di "ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé wá." Àbúrò náà sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí ó padà dé, ó ní wọ́n ní kí òun gbé ẹni tó fara gbọta wá kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Lórí bẹ́ǹṣì ìta, lábẹ́ pátákó tí a kọ "Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́" sí, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí ìwé ńlá tí a ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí láti wo ohun tí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ nípa ọkùnrin náà. Èmi gan-an ni ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, n kò sì kọ nǹkan kan, nítorí pé ẹni tí a kò bá gbà wọlé, a kì í kọ ọ́. Akọ̀wé wa sọ fún mi, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń gba ènìyàn nímọ̀ràn, pé bí mo bá kọ ọ́ nísinsìnyí, a ó ní òkú tí a kò lè ṣàlàyé. Báyìí ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe kú sí ẹnu ọ̀nà wa, tí ìwé wa sì ń sọ pé kò débẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ra ìwé ìkọ̀wé eléwé ọgọ́rin, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, tí mo sì fi rúlà fa ìlà sí i. Ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì ni mo kọ sí ìlà àkọ́kọ́. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì wá a, nítorí pé kì í ṣe orúkọ ni mo fẹ́ kó jọ. Ohun mẹ́rin ni mo ń kọ: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, aago tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, àti bóyá ẹni tó ṣe é léṣe jẹ́ ẹni tó mọ̀ rí.

Ọ̀dọ̀ bàbá ìyá mi ni mo ti kọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wolé-wolé ni wọ́n nígbà ìjọba òyìnbó, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé bí onígbáméjì bá bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò, wolé-wolé tó bá dúró ti alárùn tó ń bi í pé kí ló jẹ, ta ló ṣẹ̀, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kànga tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ń pọnmi ni ó yẹ kí ó wá, nítorí pé bí ilé mẹ́fà bá ń pọn ní kànga kan náà, kànga ló yẹ kí a dé lọ́mọrí. Ní wọ́ọ̀dù wa, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tí wọ́n fi ìgò fọ́ lórí ni "Kí lo ṣe fún un?" Mo ti bi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn bẹ́ẹ̀ kí ó tó yé mi pé ìbéèrè adájọ́ ni, kì í ṣe ti ẹlẹ́wù funfun. Èsì rẹ̀ kò ran ọgbẹ́ lọ́wọ́, kò sì sọ fún wa ibi tí ọgbẹ́ ọ̀la yóò ti wá.

Kí ewé ìwé náà tó dé ìdajì, nǹkan ti ń hàn. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé, láti aago mẹ́wàá sókè, ló ń kún jù, òpin oṣù sì burú ju àárín oṣù lọ. Ìgò ló ṣáájú, ọ̀bẹ tẹ̀ lé e, àdá wà níbẹ̀ dáadáa. Ìbọn kò pọ̀, àfi bí ìbò bá ń bọ̀ tàbí bí ẹgbẹ́ òkùnkùn méjì bá kọjú ìjà síra wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni èsì ìbéèrè kẹrin, ti ẹni tó ṣe wọ́n léṣe. Mo ti ń rò pé àwọn ìgárá ọlọ́ṣà ni wọ́n ń ṣe àwọn ènìyàn léṣe. Ọ̀rẹ́ ni, ará ilé ni, ẹni tí wọ́n jọ ń ta káàdì ní ojoojúmọ́ ni, àbúrò ìyàwó ni. Owó ṣẹ́ńjì, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi owó ta, ẹni tó kọ́kọ́ wọ káà ní gáréèjì: ohun tó ń fa ìjà kéré débi pé àwọn fúnra wọn kì í lè ròyìn rẹ̀ láìtijú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Páràgà àti ọtí inú ọ̀rá a sì máa rùn lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti ọtí inú ọ̀rá ní oṣù Kejì ọdún 2024, tí ariwo ta, tí ìjọba sì tún sún un síwájú, mo kàn ń wo ìwé mi ni. Gbogbo àwọn tó ń jiyàn lórí rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nípa owó.

N kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mo ń ṣe ní orúkọ: wíwo ìwà ipá gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn ìlera gbogbo ènìyàn. Àpérò àgbáyé lórí ìlera, èyí tí àjọ WHO máa ń ṣe ní Geneva, ti kéde láti ọdún 1996 pé ìwà ipá wà lára ohun tó ń ba ìlera gbogbo ènìyàn jẹ́ jù lọ ní ayé. Ìṣirò tí àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè ṣe sọ pé nǹkan bí 458,000 ènìyàn ni wọ́n pa káàkiri ayé ní ọdún 2021. Nígbà tí mo ka iye yìí, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni àwọn tó kú sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ọgbẹ́ itan kọ́ mi, mo sì fẹ́ dúró lé e díẹ̀. Ní ilé ẹjọ́, ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín ẹni tó ṣe ènìyàn léṣe àti ẹni tó pa ènìyàn. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyàtọ̀ náà lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀bẹ kan náà ni, ìbínú kan náà ni, itan kan náà ni. Ọ̀kan rí ẹni tó fọwọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi gbé e dé, èkejì kò rí. Àwọn tó dàgbà nínú wa kò lè gbàgbé Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ìyá rẹ̀ mú kúrò ní Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2000, tí ìgò fífọ́ sì gé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá itan rẹ̀ ní Peckham ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé kan títí ó fi tán. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n dá lẹ́bi ní ọdún 2006 kò ju ọmọ ọdún méjìlá àti mẹ́tàlá lọ. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, ohun tí gbogbo wa ní wọ́ọ̀dù ń sọ ni pé ayé ti bàjẹ́. Lẹ́yìn ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì ni mo tó máa ń ronú nípa ìṣẹ́jú tí ọmọ náà lò lórí àtẹ̀gùn yẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, títí kan àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ẹnu géètì wa: ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín dí i, ẹ má sì fa ọ̀bẹ tó bá ṣì wà lára yọ, nítorí pé ọ̀bẹ náà lè jẹ́ ohun tó ń dí ihò tó ṣe. Ẹ mú aṣọ tó mọ́, ẹ ká a, ẹ fi gbogbo agbára tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀, ẹ má sì máa ṣí i wò láti mọ̀ bóyá ó ti dá. Àwọn ọlọ́kadà ló tètè mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ọ̀kan nínú wọn gbé obìnrin kan dé lọ́jọ́ kan, orúnkún rẹ̀ ló fi tẹ apá obìnrin náà mọ́ ilẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi gbé e, ó sì kọ̀ láti dìde títí dókítà fi dé.

Òfin ti yípadà ní ti ọta ìbọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó sọ ọ́ di dandan kí ilé ìwòsàn tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, yálà ó ní ìwé ọlọ́pàá tàbí kò ní, kí wọ́n sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ ojú ewé náà jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọdún kejì lẹ́yìn náà, bàbá ọlọ́dẹ ilé ìwòsàn kan tí mo bẹ̀ wò ṣì ń bi àwọn ènìyàn ní ìwé ní géètì.

Ibi tí mo ti wá rí i pé ọgbẹ́ lè ràn bí àrùn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ní nǹkan bí ọdún 2009. A gbé ọmọkùnrin kan tí mo máa pè ní Kọ́lá wọlé, ọ̀bẹ ti wọ ìhà rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn wọn sì ti lọ sílẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń pariwo, ẹ̀rù kì í bà mí. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí ẹnì kan ń wo aago, ẹ̀san ni wọ́n ń gbèrò. Mo lè pe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n wọn ò bá ti lọ kí ọlọ́pàá tó dé. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ohun tí a nílò lóòótọ́ ní alẹ́ yẹn. Mo jáde sí wọn, mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ nínú yín, kó tẹ̀ lé mi lọ sí ibi tí a ti ń gba ẹ̀jẹ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Mọ́mì, ṣé ó máa pẹ́?" Mo ní ó máa pẹ́. Àwọn mẹ́rin ló tẹ̀ lé mi. Méjì ló yege àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló dúró, nítorí pé ojú ń ti ẹni tí a kò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi àwọn tó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ lọ. Mo ra mọ́ọ̀tì fún wọn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́ta fi lù, ẹni tó ń wo aago ti sùn lórí àga. Ẹnì karùn-ún kò tẹ̀ lé wa. N kò rí ìgbà tó jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n gbé òun náà dé, orí rẹ̀ ti là, mo sì kọ ibì kan náà tí mo kọ fún Kọ́lá sí ìlà tirẹ̀, mo fi wákàtí márùn-ún kún aago.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó kà nípa Gary Slutkin, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ti bá ikọ́ ẹ̀gbẹ jà ní San Francisco, tó sì ti bá onígbáméjì jà ní Somalia kí ó tó padà sí Chicago. Ó wo bí ìpànìyàn ṣe ń ràn láti ilé dé ilé nínú ìlú náà, ó ní àpẹẹrẹ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àrùn tí òun ti ń lé kiri. Ní ọdún 2000, ní àdúgbò West Garfield Park, ètò tó dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì wá ń gba àwọn tí òpópónà mọ̀ dáadáa síṣẹ́ pé kí wọ́n máa wá ẹ̀san kàn kí ó tó jáde nílé. Inú mi dùn bí mo ṣe ń kà á, ó sì bí mi nínú díẹ̀, nítorí pé bí a bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan péré tí ó mọ ilé ẹni karùn-ún yẹn, a ò bá má rán orí rẹ̀.

Ìlú Cardiff ní Wales ni mo ti rí ẹni tó jọ mí. Jonathan Shepherd, oníṣẹ́ abẹ ojú àti ẹnu, ló kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí òun ń rán ojú wọn ni ọlọ́pàá kò gbọ́ nípa wọn rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n fún ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀ ní ìyókù. Wọ́n yí ibi tí ọlọ́pàá ń dúró sí padà, wọ́n sì ń ti àwọn ilé ọtí láti máa lo ife tí kò ní di abẹ bó bá fọ́. Nígbà tí wọ́n fi Cardiff wé àwọn ìlú mìíràn tó jọ ọ́, ìwádìí tó jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé iye àwọn tí ìwà ipá ń gbé dé orí ibùsùn ilé ìwòsàn fi 42 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ohun tí ì bá jẹ́. Ní Glasgow ní Scotland, ọlọ́pàá gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ láti dín ìwà ipá kù ní ọdún 2005, Karyn McCluskey àti John Carnochan ló sì ṣíwájú rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá, iye ìpànìyàn ní Scotland dín ju ìdajì lọ. N kò sọ pé ohun kan ṣoṣo ló fà á. Ṣùgbọ́n mo ka ti Cardiff lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé ìwé eléwé ọgọ́rin mi, tó ti di ẹ̀kẹta, mo lọ bá Ìyálọ́jà.

Orígun kan wà lẹ́yìn ọjà wọn tí orúkọ rẹ̀ kò ní tán nínú ìwé mi. Màmá kò lè ka òyìnbó, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, mo sì fi bírò pupa fàlà sí i. Wọ́n wò ó, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ibi tí Ìyá Ṣadé ti ń ta páràgà nìyẹn." Kì í ṣe ìpàdé ńlá ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn onílé àdúgbò dá owó jọ, wọ́n fi iná méjì sí orígun náà, wọ́n sì bá Ìyá Ṣadé sọ̀rọ̀ pé kí ó máa palẹ̀ mọ́ ní aago mẹ́sàn-án, kí ó sì dẹ́kun títa nínú ìgò. Ó bú mi fún oṣù kan gbáko, ó ní mo fẹ́ pa òun lẹ́bi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bú mi, nítorí pé èmi kọ́ ni mo ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó tún kọ orúkọ orígun yẹn.

Ohun tí n kò rí iná fi sí ni ilé. Ìṣirò ọdún 2021 kan náà ni ó sọ pé àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń pa, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nínú àwọn obìnrin tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ pé ọkọ, àfẹ́sọ́nà tàbí ẹbí wọn ló pa wọ́n. Ìwé mi kò tètè fi èyí hàn mí, nítorí pé ìbéèrè mẹ́rin mi kò bá obìnrin sọ̀rọ̀. Obìnrin kan wá sí ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọdún kan. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní òun ṣubú lórí àtẹ̀gùn, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni ọkọ rẹ̀ dúró tì í tó ń bá a dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo wo káàdì rẹ̀, mo rí àdírẹ́sì, mo sì mọ ilé náà. Ilé ilẹ̀ ni. Kò ní àtẹ̀gùn kankan.

Mo rán ọkọ lọ sanwó, mo mọ̀ọ́mọ̀ rán an sí fèrèsé tó jìnnà jù. Mo fa aṣọ ìkélé, mo jókòó, n kò dúró lé e lórí. N kò ní "Kí lo ṣe fún un?" Mo ní, "Aago mélòó ni?"

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Aago mẹ́wàá, Sístà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ."

Mo bi í ní ohun tí wọ́n fi ṣe é, ó sọ ọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má kọ orúkọ òun. Mo ṣí ìwé náà sí iwájú rẹ̀ kí ó rí i pé kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mo kọ "ilé" sí àyè ibi tó ti ṣẹlẹ̀, mo kọ aago, mo kọ ìdí ìgò, mo sì kọ "ọkọ." Ó wo ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Àwọn mìíràn wà tí ẹ kọ ilé fún?"

Mo ti ìwé náà sún mọ́ ọn. Ó fi ìka ọwọ́ tí kò rọ́ bẹ̀rẹ̀ láti òkè ewé, ó ń kà á sọ̀kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó dé ìsàlẹ̀, ó sì ṣí ewé kejì.